Ọ̀dà Tó Lẹ̀ Mọ́ Rọ́bà: Bí O Ṣe Lè Kun Ilé Ìjàpá Rẹ

Àbúrò mi, bí ìjàpá bá wà nílé rẹ, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ ló mú un wálé fún àwọn ọmọ, ì báà jẹ́ ìyá àgbà ni wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ọgbà, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O fẹ́ kí ibi tó ń sùn ṣeé fi han àlejò. Báàfù tó ti ṣá àti korobá ọ̀dà àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ti sú ọ. Inú mi dùn pé o fẹ́ tún un ṣe, nítorí kò le rárá, gbogbo ohun tí a máa lò sì wà láàárín Kétu, Ìkòsí àti Mile 12.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra ọ̀dà kí wọ́n tó yẹ rọ́bà wò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Gbà mí gbọ́: iṣẹ́ tí o bá ṣe kí o tó ṣí agolo ọ̀dà ló máa sọ bóyá ọ̀dà náà á lẹ̀. Ẹnu àti èékánná ìjàpá ló sì máa sọ ibi tí ọ̀dà yẹ kó dé. Bí o bá ti di méjèèjì yìí mú, ìyókù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Yí rọ́bà náà dojú dé, kí o wo ìdí rẹ̀. Wàá rí àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ọfà yà, nọ́ńbà kan á sì wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń wò kí n tó yọ owó. Bí o bá rí 2 tàbí 5, mọ̀ pé rọ́bà tí ọ̀dà kì í fẹ́ẹ́ dì mọ́ nìyẹn. Dúróòmù aláwọ̀ búlúù tí a fi ń pọn omi sí jẹ́ 2. Ọ̀pọ̀ abọ́ oúnjẹ àti àpótí ìkẹ́rù jẹ́ 5. Ọ̀dà á kàn jókòó sí wọn lára bí omi ṣe ń jókòó sórí ewé kókò, lọ́jọ́ tí o bá sì fi èékánná kàn án, á ṣí kúrò lódindi.

Bí ó bá jẹ́ 3, yọ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi àti síílìn PVC tó gbòde kan ní Èkó báyìí, ó sì máa ń gba ọ̀dà dáadáa. Nọ́ńbà 6 náà ń gba ọ̀dà, àmọ́ tínà àti ọ̀dà inú agolo tí a ń fín lè jẹ ẹ́, kí ojú rẹ̀ sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Fi díẹ̀ kan kọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀ ná, kí o wò ó di ọjọ́ kejì.

Èmi ò fi bò fún ọ, dúróòmù ńlá tó ń gba nǹkan bíi 200 lítà ni ààyò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà 2 ni. Bí káfíńtà bá fi ayùn là á sí méjì ní gígùn rẹ̀, o dojú ìlàjì kan dé, o sì gé ẹnu ọ̀nà sí i, ilé ìsùn ti délẹ̀ nìyẹn. Fi sáńpépà pa gbogbo etí tí ayùn ti kọjá, kó má bàa ge ẹsẹ̀ ẹranko tàbí ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí o bá ń ra dúróòmù, bèèrè èyí tí wọ́n fi kó nǹkan jíjẹ. Ní kí wọ́n ṣí i, kí o gbóòórùn inú rẹ̀. Bí òórùn kẹ́míkà bá wà níbẹ̀, fi í sílẹ̀, má jẹ́ kí ẹ̀dínwó tàn ọ́.

Irú ìjàpá tí o ní ló máa sọ bí ilé náà ṣe máa tóbi tó. Ìjàpá igbó tiwa níhìn-ín, èyí tí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ ní oríkèé tó fi ń pa ìdí rẹ̀ dé, kì í tóbi púpọ̀. Ó fẹ́ràn ibòòji àti ilẹ̀ tó tutù, ó ń jẹ olú, èso tó bọ́ sílẹ̀, ìgbín àti ekòló. Èyí tó ń wá láti Òkè Ọya yàtọ̀: bó bá dàgbà tán, ó lè wọ̀n ju 40 kílò lọ, ó sì ń gbẹ́ ihò jinjin. Kò sí rọ́bà tó máa gba ìyẹn, ọgbà ló yẹ ẹ́. Má sì tìtorí pé ilé tuntun rẹwà kí o lọ ra òmíràn lójú ọ̀nà o. Méjèèjì ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko igbó, nítorí wọ́n ti ń dínkù. Tọ́jú èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ.

Ó yẹ kí ilé náà lálòpẹ́, àbúrò mi, nítorí ìjàpá ń pẹ́ láyé. O rántí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́? Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló kú. Ààfin ní ọdún 344 ló lò. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Jonathan, ìjàpá tó wà ní erékùṣù St Helena, nǹkan bí ọdún 1832 ni wọ́n gbà pé wọ́n pa á lẹ́yin. Èyí tó wà lọ́gbà rẹ lè wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ rẹ á fi bímọ.

Ó yá, ká wọ iṣẹ́. Fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti kànìnkànìn fọ rọ́bà náà tinú tòde, ṣan án dáadáa, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, mú sáńpépà 180, kí o fi pa ojú rẹ̀ yíká, yíká, títí dídán rẹ̀ á fi lọ pátápátá. Wá fi 240 tẹ̀lé e. Níbi yìí, má kánjú. Àwọn àpá tín-tìn-tín tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí yẹn ni ọ̀dà máa di mú. Gbé rọ́bà náà sójú oòrùn, kí o máa yí i; ibikíbi tó bá ṣì ń kọ mànà, padà síbẹ̀.

Nu eruku rẹ̀ kúrò, kí o wá fi sípírítì àti aṣọ funfun mímọ́ nù ún. Má lo epo bẹntiróòlù, má lo kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì á fi ọ̀rá sílẹ̀, bẹntiróòlù sì lè fa iná, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Àṣírí kékeré kan rèé: mo fẹ́ràn òrí púpọ̀, ọwọ́ mi kì í gbẹ. Bí ọwọ́ tó ní òrí bá kan rọ́bà lẹ́yìn tí o ti nù ún, ibi tí ìka kàn yẹn ni ọ̀dà á ti kọ́kọ́ ṣí. Nítorí náà, mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ láti ìgbà tí mo bá ti mú sípírítì títí dìgbà tí mo bá parí. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Wàyí o, ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé bọ́ńpà mọ́tò, rọ́bà ni? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdílé nọ́ńbà 5 yẹn gan-an, síbẹ̀ àwọn tó ń fín ọ̀dà mọ́tò ń kùn wọ́n, òjò ń pa wọ́n, ọ̀dà ò sì ṣí. Wọ́n ní páráímà kan tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi sí rọ́bà lára kí ọ̀dà tó dé, ó sábà máa ń mọ́ bí omi. Lọ sí Owódé Onírin, tàbí sọ́dọ̀ pẹ́ńtà mọ́tò àdúgbò rẹ, kí o sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, páráímà bọ́ńpà ni mò ń wá, ẹ bá mi bù díẹ̀ sínú ìgò.” Díẹ̀ ti tó fún ìlàjì dúróòmù kan. Ìta gbangba ni kí o ti lò ó, kí o fi ìbomú bo imú, nítorí òórùn rẹ̀ le. Fi í tín-ín-rín, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ bí ó ṣe yẹ kó pẹ́ tó kí ọ̀dà tó gun orí rẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́ jù, agbára rẹ̀ á ti lọ.

Fún nọ́ńbà 3, má da ara rẹ láàmú wá páráímà bọ́ńpà. Sáńpépà àti sípírítì ti tó.

Ibi tí o máa kùn ńkọ́? Ìta nìkan. Ohun tí mo di mú nìyẹn, n kì í yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ìjàpá ń họ ilẹ̀, ó ń fi etí ìkarahun gbo ògiri, ó sì ń bu ohunkóhun tí àwọ̀ rẹ̀ bá wù ú jẹ. Bí ọ̀dà bá wà nínú ilé, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ilẹ̀ ilé náà kò nílò ọ̀dà: da iyẹ̀pẹ̀ àti ewé gbígbẹ sí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí nǹkan tẹ̀, nítorí rọ́bà lásán ń yọ̀. Abọ́ omi rẹ̀, àwo amọ̀ pẹlẹbẹ ni kó jẹ́, má kun òun náà.

Ó ṣeé ṣe kí o bi mí pé, bí n kò bá kun inú, báwo ni inú ṣe máa lẹ́wà? Dúró, mo ní ọ̀nà kan fún ọ.

Bí ìjàpá rẹ bá ṣì kéré, tí o sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí rọ́bà tó mọ́ gaara, o ti máa ṣàkíyèsí pé kì í sinmi. Kò mọ̀ pé ògiri wà níbẹ̀. Ó ń rí òdìkejì, ó rò pé ọ̀nà ni, á máa kanrí mọ́ ọn, á máa họ ọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, títí imú rẹ̀ á fi bó. Kun apá ìsàlẹ̀ àpótí náà yí po, kí ó ga ju orí rẹ̀ lọ nígbà tó bá na ọrùn, wàá sì rí i pé ara rẹ̀ á balẹ̀. Nítorí pé rọ́bà náà mọ́ gaara, ọ̀dà tí o fi sí ìta ló máa hàn nínú. Ẹwà dé inú, ọ̀dà kò dé ẹnu ẹranko.

Ṣùgbọ́n yí ètò iṣẹ́ rẹ padà, nítorí ohun tí o bá kọ́kọ́ kùn ló máa wà níwájú fún ẹni tó ń wò ó láti inú. Já ewé ìbẹ́pẹ kan tó tutù, tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sára rọ́bà níta, fi téèpù di igi rẹ̀ mú. Ya fọ́ọ̀mù àtijọ́ díẹ̀, tì í bọ inú ọ̀dà aláwọ̀ ewé dúdú, kí o máa fi tẹ̀ ẹ́ yí ewé náà ká, jẹ́jẹ́. Ṣí ewé kúrò kí ọ̀dà tó gbẹ tán: àyè tó ní ìrísí ewé ìbẹ́pẹ ló máa kù. Nígbà tó bá gbẹ, kun àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kọjá lórí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fi àwọ̀ amọ̀ tó nípọn parí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa gba ibẹ̀ kọjá. Wá bojú wo inú! Ewé ìbẹ́pẹ tó mọ́lẹ̀ láàárín igbó dúdú, ìta sì jẹ́ pupa amọ̀ bí o ṣe fẹ́. Sáńpépà tó kúnná, 320 tàbí 400, ni kí o lò fún rọ́bà tó mọ́ gaara, kí àpá rẹ̀ má bàa hàn.

Bí o bá fẹ́ ewé tó lójú ju ti ìbẹ́pẹ lọ, lọ sí ọjà èso tó wà ní Ìkòsí láàárọ̀. Ewé tí wọ́n fi di èso wálé ni wọ́n máa ń gbá dànù. Èmi máa ń ṣà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń ra ìbẹ́pẹ tó ti rọ̀ jù fún títà, tí ìjàpá igbó fẹ́ràn bí nǹkan míràn.

Ní ti irú ọ̀dà, èyí tí a ń fi omi lú ni mo gbà ọ́ nímọ̀ràn, kì í ṣe gúlọ́ọ̀sì. Òórùn rẹ̀ kéré, ó sì máa ń tètè lọ. Kí o tó rà á, wo ara agolo bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kò ní òjé. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń pa ẹranko. Iye òjé tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé dábàá kí ọ̀dà má ṣe kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan, inú ọ̀dà olóròóró tó pupa tàbí tó yẹ́lò yòò ni òjé sì ti sábà máa ń pọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n bù sínú ike tí kò ní orúkọ, má rà á fún ilé ohun abẹ̀mí.

Má kun dúdú sí ilé tí oòrùn máa pa. Nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí Èkó ń jó, rọ́bà dúdú á gba ooru sára, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò sì ní ibi sá sí. Funfun, àwọ̀ eyín erin, tàbí ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ló dára fún òrùlé. Abẹ́ igi tàbí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ń dé ni kí o gbé e sí. Kó sì máa jáde sínú oòrùn ìta gan-an lójoojúmọ́: gíláàsì àti ọ̀pọ̀ rọ́bà máa ń dí ìtànṣán tí ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D, èyí tí kì í jẹ́ kí ìkarahun rẹ̀ rọ̀.

Àwọn ọmọ á ní kí o jẹ́ kí àwọn kun ìkarahun náà, kó bá ilé mu. Má gbà, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bẹ̀ ọ́. Ìkarahun wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ó ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, ó sì nílò oòrùn. Fún àwọn ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, kí wọ́n ya òdòdó sára òrùlé, inú wọn á dùn.

Kun ilé náà tín-ín-rín, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá ṣì ń rí rọ́bà lábẹ́ ìpele àkọ́kọ́, má bínú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí tó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń wú, táá sì ṣàn wálẹ̀. Òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn ò tíì mú, ni àkókò tó dára jù. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ọ̀rinrin pọ̀ ju kí ọ̀dà gbẹ dáadáa. Dúró de ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ, tàbí kó di oṣù Kọkànlá kí eruku ọyẹ́ tó dé.

Bó bá gbẹ, yẹ̀ ẹ́ wò. Mú réṣà, fa ìlà tín-ín-rín mẹ́fà ní òòró àti mẹ́fà ní ìbú sí ibi tí kò hàn, lẹ téèpù mọ́ ọn, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn iléeṣẹ́ ọ̀dà náà ń lo ọ̀nà yìí. Bí téèpù bá jáde láìkó ọ̀dà, o ti yege.

Gbígbẹ ọ̀dà kò túmọ̀ sí pé ìjàpá lè wọlé o. Òórùn rẹ̀ ṣì ń jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, nígbà míràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjàpá ò sì lè wúkọ́ bíi tiwa, ohun tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í tètè jáde. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ rèé: mo máa ń fi ọ̀rá bo ilé náà pa lálẹ́, kí n ṣí i láàárọ̀, kí n sì ti imú bọ inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí òórùn ọ̀dà bá kí mi, mo máa ń dá a padà sínú afẹ́fẹ́. Títí tí kò fi ní rùn mọ́, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́.

Bí o bá ń gbé ìhà Àgílítì, Àjẹgúnlẹ̀ tàbí Owódé, níbi tí odò Ògùn ti ń kún nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá nígbà tí wọ́n bá tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, gbé ilé náà gun búlọ́ọ̀kù. O rántí bí omi ṣe lé àwọn ènìyàn jáde nílé lọ́dún 2010. Ọ̀pọ̀ ìjàpá orí ilẹ̀ kò mọ̀wẹ̀, dúróòmù tí wọ́n là sí méjì sì fúyẹ́, omi á gbé e lọ. Fi okùn so ó mọ́ nǹkan tó dúró ṣinṣin. Kí o sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà tó fẹ̀ yí etí rẹ̀ ká, kí ojú rẹ tètè rí i bí iná bá lọ lóru.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fi ọṣẹ fọwọ́ rẹ àti ti àwọn ọmọ nígbàkigbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ìjàpá tàbí ilé rẹ̀. Kòkòrò salmonella máa ń wà lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Nítorí rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa àwọn ìjàpá kéékèèké lọ́dún 1975. Má fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí o ti ń fọ abọ́ oúnjẹ.

Bu ìwọ̀nba ọ̀dà tó kù sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí, kọ orúkọ àwọ̀ náà àti oṣù tí o kùn ún sára rẹ̀, kí o tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò gbóná. Bí òjò bá ti lọ tán lọ́dọọdún, yí ilé náà wò. Ibi tó bá ti ṣí, họ ọ́, fi 240 pa á, fi sípírítì nù ún, fi páráímà díẹ̀ sí i, kùn ún. Kí ó tó di pé o ṣe èyí, mú onílé jáde sínú ọgbà, kí o sì fún un ní ewé tẹ̀tẹ̀ kan tó tutù.